Àwa Ọmọ Oṣù Ní Ìhà Méjèèjì Odò

Ilẹ̀ Okun ni mo ń gbé, ní ìwọ̀-oòrùn Kogí. Abúlé tó wà lódìkejì odò ni wọ́n bí mi sí, èyí tí mo ń gbé yìí ni mo fẹ́ ọkọ sí, nítorí náà nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín méjèèjì, àwọn àbúrò mi àti àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń lé ara wọn kiri.

Kaṣú ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó gbin iṣu yóò wà á, yóò sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kaṣú a máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá sì gbìn ín ti fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Bí owó kaṣú ṣe gòkè, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa jọ ń dáko lé di ohun àríyànjiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ gé igi ara wọn lulẹ̀, wọ́n ṣá ọkùnrin kan lọ́gbẹ́, a kò sì lè ná ọjà òdìkejì mọ́.

Wọ́n pe ìpàdé. Ọkùnrin nìkan ló jókòó, ọkùnrin nìkan ló fọwọ́ sí ìwé, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2000 ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi ìpinnu 1325 béèrè pé kí obìnrin máa kópa nínú pípẹ̀tù sí aáwọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń gé igi.

Nígbà tí ìyá arúgbó kan kú lódìkejì, àgbà àwa ọmọ oṣù, ìyẹn àwa ọmọbìnrin ilé tí a ti lọ sílé ọkọ, ní kí a dìde, nítorí kò sí ẹni tó lè dá ọmọ oṣù padà lẹ́nu ọ̀nà òkú ilé bàbá rẹ̀. A sunkún, a sì bá àwọn ìyàwó ilé gún iyán. Ìdí odó ni ọ̀rọ̀ gidi ti wáyé: ẹni tó ti gbin kaṣú ni kí ó máa ká a, kí ẹnikẹ́ni má gbin tuntun, kí ilẹ̀ wà fún oko iṣu tọ̀tún-tòsì. Kálukú wa gbé e tọ àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ kí ó tó dé etí ọkọ rẹ̀. Ó ṣòro fún ọkùnrin láti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́nu.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, obìnrin wà níbẹ̀, a sì bá àwọn àgbà gbin pèrègún sí ààlà. Àwọn tí wọ́n gé igi wọn ṣì ń béèrè owó ìtánràn; ìyẹn la ń bá wọn sọ lọ́wọ́lọ́wọ́.