Àbọ̀ rèé o: àwọn agolo ìṣó mi ti ní orúkọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè ohun tí mo lè fi kọ orúkọ sára agolo ìṣó àti bóòtù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé mi ní Àkúrẹ́, torí pé gbogbo ìwé tí mo bá lẹ̀ ló ń ṣí. Ó ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n lo bírò, ẹ má bínú, oòrùn ojú fèrèsé ti jẹ ẹ́ tán. Pẹ́ńsù ni mo padà lò, mo sì fi sẹ́lótéèpù bo ìwé náà. Epo tó wà lára agolo gan-an ni kì í jẹ́ kó lẹ̀! Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n gbẹ dáadáa, ó parí.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Òndó ló gba adé: kí n so ìṣó kan mọ́ ara agolo kọ̀ọ̀kan níta. Ìyá mi tí kò mọ̀wé ń bá mi mú íńṣì 3 báyìí láìbèèrè.

Agolo kan ló kù, mo kọ "Ó dọwọ́ Olúwa" sí i. Ohun tí mi ò mọ ibi tó ti tú ló wà níbẹ̀.

Ẹ ṣé o, mo ti pa ìbéèrè yìí dé.