Mo fẹ́ gbé àwọn àna mi lọ jẹun ní bistro àdúgbò ní Paris: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìyá Aláṣọ Ouando:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ẹ wà lókè òkun. Mo ń lọ sí Paris lóṣù tó ń bọ̀ láti lọ bá ọmọbìnrin mi tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ Faransé ni ọkọ rẹ̀. Àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ti wá sí Àjàṣẹ́ nígbà ìgbéyàwó, inú ilé wa ni wọ́n sùn, wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ilá, wọn ò kọ oúnjẹ kankan tí mo gbé síwájú wọn. Ó kàn mí báyìí. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi kò fẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí abiyamọ máa dúró nídìí iná nítorí àlejò tèmi.

Ọmọ mi ní bistro kan wà lẹ́bàá ilé wọn tí àwọn àna mi fẹ́ràn, ilé oúnjẹ Faransé àtijọ́, tí wọ́n máa ń fi ẹfun kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sára pátákó dúdú. Ó ní òun á sanwó. Mo ní rárá, èmi ni màá san án. Àwa mẹ́ta la máa lọ, èmi pẹ̀lú àwọn àna mi méjèèjì. Mo ti ya 60,000 sẹ́fà sọ́tọ̀. Ṣé ó máa tó? Mùsùlùmí ni mí, mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò fẹnu kan ọtí, kí ni mo lè jẹ níbẹ̀? Báwo ni màá sì ṣe é tí àna mi ọkùnrin kò fi ní já ìwé owó gbà mọ́ mi lọ́wọ́? Mo gbọ́ Faransé, èyí tí a fi ń tajà lọ́jà ni o.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Lille:

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá. Ọlọ́run á wò ó. Ní tèmi, ẹ gbé wọn lọ sí bouillon, irú ilé oúnjẹ kan ni. Bouillon Chartier ti wà ní rue du Faubourg-Montmartre láti 1896, oúnjẹ Faransé gidi ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kò sì wọ́n. Alápatà kan tó ń jẹ́ Duval ló bẹ̀rẹ̀ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Paris ní àwọn ọdún 1850, ẹran bíbọ̀ àti omi ẹran ló ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní Chartier, orí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ni agbáwo ti ń ṣírò owó yín lójú yín. Bouillon Pigalle tí wọ́n ṣí ní 2017 náà dára.

Alásè Ọmọ Attakè:

Màmá wa, ẹ kú oríire. Attakè ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nílé ìdáná bistro kan ní Paris ni mo sì ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi. Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀, èmi ni mò ń dáná ọ̀sán báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún.

Àbúrò wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ kò parọ́ nípa bouillon. Oúnjẹ ibẹ̀ dára, owó rẹ̀ sì rọjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé àna lọ. Ẹ máa tò síta kí ẹ tó wọlé, wọ́n lè fi yín jókòó ti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ariwo á gba gbogbo ilé, agbáwo á sì máa kánjú kí ẹlòmíràn lè rí àyè jókòó. Àna fẹ́ ìfarabalẹ̀. Bistro tí ọmọ yín wí yẹn ni kí ẹ lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ojú wọn ti mọ ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ọ̀sán ni kí ẹ lọ, ohun tí wọ́n bá fi ẹfun kọ sí pátákó ni kí ẹ sì jẹ. Láàárọ̀, ọ̀gá wa ti mọ ohun tó dára lọ́wọ́ alápatà àti ẹlẹ́ja, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù. Ohun tó bá rà ló ń di plat du jour, oúnjẹ ọjọ́ náà. Ìkòkò ńlá kan la fi ń sè é, ó ti wà lórí iná kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jí, bó bá sì tán, ó tán nìyẹn, a ó lọ fi aṣọ pa á rẹ́ lórí pátákó. Níbẹ̀ gan-an ni ọwọ́ alásè wà. Ní ọ̀sán, wọ́n tún máa ń di oúnjẹ pọ̀ sí iye kan tí wọ́n ń pè ní formule: entrée pẹ̀lú plat, tàbí plat pẹ̀lú dessert. Entrée ni oúnjẹ kékeré tí a fi ń ṣí ọ̀fun, plat ni oúnjẹ gangan, dessert ni ohun dídùn tí a fi ń parí rẹ̀. Ní bistro àdúgbò tí kò gbówó lórí, formule sábà máa ń wà láàárín 16 sí 22 yúrò. Bó bá di alẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe formule mọ́, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan á wá ní owó tirẹ̀, ìkòkò kan náà sì ni.

Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yẹ̀. 60,000 yín á di yúrò 91 àti díẹ̀. Ká ní ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ti 22, yúrò 66 nìyẹn. Ẹ fi kọfí mẹ́ta kún un, àti wáìnì gíláàsì kọ̀ọ̀kan fún àwọn àna yín bí wọ́n bá ń mu ún, owó yín ṣì tó. Ẹ má ra omi. Ẹ ní kí wọ́n gbé "une carafe d'eau" wá, omi ẹ̀rọ ni, òfin sì ní kí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Búrẹ́dì náà kò lówó. Owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú iye tí wọ́n kọ. Bí inú yín bá dùn, ẹ fi yúrò kan tàbí méjì sílẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹ kò bá sì fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Iye oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níta, kí ọmọ yín lọ kà á kí ẹ tó dé.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: "Bonjour madame", "bonjour monsieur". Ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Èmi kọ́ ló máa kọ́ yín ní ìkíni, ṣùgbọ́n mò ń rí àlejò tó ń wọlé tí á na ìka sí tábìlì láìkí ẹnikẹ́ni, ojú agbáwo á sì ti le mọ́ ọn láti ibẹ̀. Ẹ dúró kí wọ́n fi àyè yín hàn yín. Ẹ má ṣe "pssst" pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe ní màkí, ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbójú sókè, ẹ ní "Monsieur, s'il vous plaît".

Ní ti ẹ̀sìn, ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fara pamọ́. Ó ń jẹ́ lardons, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e, ó ń wọ salade frisée tó jẹ́ ewé tútù, ó ń wọ lentilles tó dà bí ẹ̀wà wẹ́wẹ́, ó sì ń wọ bœuf bourguignon, ọbẹ̀ ẹran màlúù tí wáìnì pupa tún jẹ́ omi rẹ̀. Andouillette, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Boudin noir, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Baba au rhum, kéèkì ni, inú ọtí ni wọ́n rì í sí. Àwọn ẹran tó kù, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe mùsùlùmí ló pa wọ́n. Nítorí náà ẹyin àti ẹja ni tiyín, ẹ kò sì ní pàdánù nǹkan kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú œuf mayonnaise. Ẹyin bíbọ̀ ni, a là á sí méjì, a da mayonnaise lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ bistro tó dára. Èyí tí wọ́n rà nínú ike máa ń dán, ó sì máa ń ní adùn ṣúgà. Tiwa, ọwọ́ la fi ń lù ú láràárọ̀: pupa ẹyin, mutáàdì Dijon, iyọ̀, fínígà díẹ̀, a ó wá máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró, títí yóò fi dì tí kò ní ṣàn lórí ṣíbí mọ́. Ẹyin náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ kó tó wọ omi tútù, bó bá pẹ́ jù, àwọ̀ eérú á yí pupa rẹ̀ ká. Àwọn Faransé mú oúnjẹ yìí ní òkúnkúndùn débi pé ẹgbẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bò ó, wọ́n sì ń ṣe ìdíje láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹja. Bí ẹ bá lè lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, á dára púpọ̀. Àwọn Kátólíìkì àtijọ́ kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Jímọ̀, àṣà yẹn sì ṣì kù ní ọ̀pọ̀ bistro: ẹja ló máa ń wà lórí pátákó. Bí ẹ bá rí brandade de morue, ẹ má wo ibòmíràn. Ẹja oníyọ̀ ni, ìlú Nîmes ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. A ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a ń pààrọ̀ omi náà kí iyọ̀ lè jáde, a bọ̀ ọ́, a fi ìka ṣa egungun rẹ̀ tán, a wá fi òróró ólífì àti wàrà pò ó mọ́ ànàmọ́ òyìnbó títí yóò fi kúnná bí iyán tó gba ọmọ odó. Lẹ́yìn náà ó wọ ààrò kí ojú rẹ̀ lè pọ́n. Ata kò sí lórí tábìlì wọn. Ẹ béèrè mutáàdì, tiwọn máa ń ta wọ imú.

Ìwé owó ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń pe àwọn àna yín ni kí ẹ ti sọ ọ́: "C'est moi qui vous invite", èmi ni mo pè yín jẹun. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ló ń sanwó, wọ́n á sì gbà. Agbáwo kì í gbé ìwé owó wá láìjẹ́ pé ẹ béèrè, torí ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń lé yín lọ. Bí kọfí bá ti tán, ẹ dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣanwọ́, ẹ yà sídìí káńtà, ẹ san án níbẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Ouando:

Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi. Attakè kẹ̀, ará ilé ni wá. Ọ̀rọ̀ kù díẹ̀. Blanquette ni àna mi obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá, kí ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó máa ń wà lọ́jọ́ Jímọ̀? Ṣé kò burú kí èmi tí mo pè wọ́n máa jẹ ẹja, kí àwọn máa jẹ ẹran? Mo sì ń rò ó pé kí a dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, lẹ́yìn ìrun.

Olùkọ́ Kétu:

Ìyá, ẹ má dé aago mẹ́ta, ìkòkò á ti ṣófo. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì fẹ́ fi èyí kún un. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, tó kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 ló kọ oúnjẹ àpèjẹ àwọn Faransé sí i ní 2010. Kì í ṣe ohun tó wà nínú abọ́ nìkan ni wọ́n kọ: ìjókòó pọ̀ wà níbẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń dé ní ẹsẹẹsẹ, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu bá ohun tí wọ́n ń jẹ sọ̀rọ̀. Ẹ bi àna yín léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sè nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ kò ní tán lórí tábìlì yẹn. Bistro fúnra rẹ̀, àwọn ará Auvergne, agbègbè kan ní Faransé, tó wá ṣiṣẹ́ ní Paris ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń ta èédú àti igi ìdáná, wọ́n ń ta wáìnì, ọkọ á gbé èédú lọ fún oníbàárà, ìyàwó á máa sè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin oníṣòwò Ouando mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Alásè Ọmọ Attakè:

Olùkọ́ sọ òótọ́. Ní aago méjì tàbí méjì ààbọ̀, ilé ìdáná ti ń tì, àwa náà fẹ́ jẹun. Aago méjìlá géérégé ni kí ẹ dé.

Blanquette, ẹran ọmọ màlúù ni, a kì í dín in. Inú omi tútù la ń gbé e sí kó tó dórí iná, kí ìfófòó rẹ̀ lè jáde, a ó máa bù ú dànù. Kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà tí a gún kànáfùrù mọ́ lára, iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí ẹran á fi rọ̀. A ó fi bọ́tà àti ìyẹ̀fun mú omi ẹran náà ki, níkẹyìn a ó po pupa ẹyin mọ́ ọ̀rá wàrà, a ó dà á sí i. Láti ìgbà yẹn kò gbọdọ̀ hó mọ́. Bó bá hó, ẹyin á dì wẹ́wẹ́, iṣẹ́ àárọ̀ ti ṣòfò. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lè má sí lórí pátákó, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń ní i lórí carte, ìwé oúnjẹ wọn, lójoojúmọ́. Ẹ jẹ ẹja yín, kí àna yín jẹ ẹran rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń mú ohun tó wù ú, wọn kì í jọ jẹ nínú àwo kan.

Ẹ pe bistro náà lórí fóònù lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n fi tábìlì èèyàn mẹ́ta pamọ́ fún yín ní aago méjìlá Jímọ̀: "Je voudrais réserver une table pour trois, vendredi à midi." Ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí wáìnì wà nínú oúnjẹ tí ẹ bá fẹ́ jẹ: "Est-ce qu'il y a du porc ou du vin dedans?" Ẹ má pè láàárín aago méjìlá sí méjì, a kì í gbọ́ fóònù nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ ń bọ̀, kí ọmọ yín kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ṣí, ọ̀pọ̀ bistro máa ń tì fún ìsinmi.

Ìyá Aláṣọ Ouando:

Oṣù kẹwàá ni mò ń bọ̀. Aago méjìlá Jímọ̀ náà ni, màá ki àyìlá nígbà tí mo bá padà délé. Mo ti da gbólóhùn méjèèjì kọ sínú ìwé ìṣirò mi. Ọ̀kan péré ló kù: àna mi ọkùnrin fẹ́ràn ata wa gan-an. Mo fẹ́ mú ata gígún díẹ̀ dání nínú báàgì, kí n bù ú sí i nínú abọ́ níbẹ̀. Ṣé ó burú?

Alásè Ọmọ Attakè:

Ẹ mú un dání, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e jáde lórí tábìlì. Alásè tó ti ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò láti àárọ̀ máa rò pé ẹ ní ọwọ́ òun kò dùn. Bí ẹ bá ti jáde síta, ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún àna yín, kó gbé e lọ sílé.