Ọtí ọdún àti àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní: kí ni kí àbúrò mi ṣọ́ra fún?

Ẹni tó béèrè (Mókólá):
Ẹ kú ọdún o. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, láti kékeré ló sì ti ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì lójoojúmọ́. Ní Kérésìmesì yìí, ó ti sọ fún mi pé òun yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ òun mu díẹ̀. Àgbàlagbà ni, n kò lè dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Àwọn kan ní ọtí máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, àwọn mìíràn ní ńṣe ló ń fà á wálẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì kan (Bódìjà):
Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wíwálẹ̀ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a kò bá jẹun, pàápàá lóru; bí ọtí bá ti wọ ara, ẹ̀dọ̀ yóò gbájú mọ́ bí yóò ṣe palẹ̀ ọtí náà mọ́, kò sì ní lè pèsè ṣúgà tuntun bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ínsúlíìnì tí ó ti gún ṣì ń fa ṣúgà wálẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ṣúgà fi lè já wálẹ̀ nígbà tí àríyá ti parí tipẹ́, àní títí di wákàtí 24. Kí ó jẹ àmàlà tàbí ìrẹsì kí ó tó fẹnu kan ọtí, kì í ṣe ẹran nìkan. Kí ó wọn ṣúgà rẹ̀ kí ó tó sùn, kí ẹnìkan sì jí i láàárọ̀ láti tún un wọ̀n. Bí ó bá rí i pé ó ga lẹ́yìn ọtí, kí ó má ṣe sáré gún ínsúlíìnì kún un. Síbẹ̀, kí ó má ṣe tìtorí ọtí fo ínsúlíìnì tí ń bá a gbé ilẹ̀ mọ́, èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lára. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọdún tó dé.

Ẹni tó ní irú àtọ̀gbẹ náà (Àpáta):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ máa ń làágùn, ó máa ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń lọ́ra. Bí ọ̀mùtí gan-an ló ń rí, àwọn èèyàn á sì ní kí ó lọ sùn. Ẹnìkan tí kò mu ọtí gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. Bí ṣúgà bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, kí ó mu mínírà tó ní ṣúgà tàbí gúlúkóòsì tí a pò sínú omi, kí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí UCH (ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn) tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Ẹni tó béèrè:
Mo dúpẹ́ gan-an. Emu ńkọ́? Wọ́n ní kò lè ṣe nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì (Bódìjà):
Emu òwúrọ̀ dùn nítorí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀; títí di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn yóò ti di ọtí. Igbá kan náà kò ní ṣe bákan náà lára rẹ̀ ní àkókò méjèèjì. Ògógóró le ju gbogbo ìyẹn lọ, n kò sì gbà á níyànjú rárá. Bí ó bá tún jó púpọ̀, ijó náà ń jẹ ṣúgà, nítorí náà kí ó wọn ara rẹ̀ lẹ́yìn ijó pẹ̀lú.