Bí wọ́n bá ní, "Ọmọ ibo ni yín?", kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o. Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, àmọ́ Iléṣà ni ilé bàbá mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àfẹ́sọ́nà mi bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo sì ní ọmọ Ìbàdàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife omi ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé Ìbàdàn lò ń gbé, ilé yín ni mò ń béèrè." Ṣé irọ́ ni mo pa ni?

Bàbá Ìtòkú:
Irọ́ kọ́, ọmọ mi. Ìbéèrè mìíràn ni o dáhùn. Ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe kó má wádìí agbo ilé tí o ti jáde, èèwọ̀ tí ẹ ní, àti bóyá ìdílé méjèèjì kì í ṣe ìbátan, orúkọ ìlú lásán kò sì lè sọ ìyẹn fún un. Lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, bí o bá sọ fún Ẹ̀gbá bíi tìrẹ pé ọmọ Abẹ́òkúta ni ọ́, o kò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn baba wa tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, orúkọ ìlú tí oníkálukú ti sá wá ni ó sọ àdúgbò rẹ̀, nítorí náà Kémta, Ìjẹ̀mọ̀ tàbí Ìgbẹ̀ìn ni etí wa ń retí.

Akọ̀wé Ìbílẹ̀:
Ti ìjọba tún yàtọ̀. Ilé bàbá yín kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹ ó kọ sínú fọ́ọ̀mù ní 1975, Ọ̀yọ́ láti 1976, Ọ̀ṣun láti 1991. Òfin-Ìpìlẹ̀ 1999, ní ìpín 147, ní kí ààrẹ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Owó orí tí ènìyàn ti ń san ní Ìbàdàn láti ọgbọ̀n ọdún kò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó wá gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, tó ń fi fóònù bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè orúkọ agbo ilé wọn níwájú mi. Ojú tì mí bá a.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo pe bàbá mi, wọ́n ní àdúgbò Ìjọ̀kà ní Iléṣà ni. Mo sáré lọ jíṣẹ́ fún ìyá àfẹ́sọ́nà mi, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù ná, nítorí Ìjọ̀kà náà ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá wọn.