Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ajigbèsè, àmọ́ ó jọ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ni: kí ni kí n ṣe?

Olùwádìí Ìsọ̀kùn:

Mo kí gbogbo ilé o. Iléṣà ni mo ń gbé. Mo ti ṣe ọlọ́pàá rí ní ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, nígbà tí mo sì fẹ̀yìn tì, mo ń fi ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe wá oúnjẹ òòjọ́: mo ń bá àwọn ènìyàn wá ajigbèsè tí ó sá lọ, mo sì ń bá àwọn òbí tọpinpin ìdílé tí ọmọ wọn fẹ́ bá dána.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó múra dáadáa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọmọkùnrin kan gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun pé òun yóò máa fi ṣiṣẹ́, òun yóò sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ta ọkọ̀ náà, ó sì na pápá bora. Ó fún mi ní àwòrán, mo dá iye lé e, ó sì fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì mi lójú ẹsẹ̀ láìná an rárá. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti ta mí lólobó, nítorí Ìjẹ̀ṣà wo ni yóò san owó tí kò kọ́kọ́ ná?

Ní ọjọ́ kẹrin ni mo rí ọmọ náà ní ibì kan tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Mo jókòó sí ìsọ̀ káfíńtà kan ní òdìkejì títì bí ẹni tí ó fẹ́ kan àga. Ọmọ náà ra ẹ̀wà, kò jókòó jẹ ẹ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí títì, ó ń jẹun láìwo inú abọ́. Nígbà tí oorun ọ̀sán gbé e, kò bọ́ bàtà. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ajigbèsè kiri, n kò tíì rí èyí tí ó ń wọ bàtà sùn.

Nígbà tí mo pe oníbàárà mi pé mo ti gbọ́ fìn-ín ìn-ín rẹ̀, kò béèrè ọkọ̀. Ó béèrè ibi tí ilẹ̀kùn yàrá náà kọjú sí, iye ènìyàn tí wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀, àti aago tí wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè kí ọ̀rọ̀ náà lè dá mi lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ méjì kan lórí ọ̀kadà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Èyí tí ó kéré nínú wọn kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní: “Bàbá, a mọ̀ pé ẹ ti rí àbúrò wa. A ò bá yín jà. Ẹ ṣáà sọ ẹni tí ó rán yín, a ó san ìlọ́po méjì owó tí ó fún yín.” Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé àárín ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ni mo wà.

N kò tíì sọ ibi tí ọmọ náà wà fún ẹnikẹ́ni. Ṣé òfin gbà mí láyè láti fi orúkọ oníbàárà mi pamọ́? Ṣé kí n kàn dá owó padà kí n sì gbé ẹnu mi dákẹ́? Ìbọn ọdẹ bàbá mi sì wà nílé. Ṣé mo lè máa gbé e rìn?

Agbẹjọ́rò Lágéré:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti rí. Nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 192, àṣírí tí ó wà láàárín agbẹjọ́rò àti oníbàárà rẹ̀ ni òfin dáàbò bò. Kò dárúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni. Àwa agbẹjọ́rò gan-an, bí oníbàárà bá bá wa sọ̀rọ̀ kí ó lè rí ìwà ọ̀daràn hù, ààbò náà kò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó wá le jù ni pé, lójú òfin ìwà ọ̀daràn wa, ẹni tí ó bá ran ọ̀daràn lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dá ọ̀ràn náà. Ẹ kò mọ nǹkan kan ní ọjọ́ tí ẹ gba iṣẹ́, ìyẹn lè gbà yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti béèrè ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí, ẹ ti mọ̀.

Ẹ má ná owó náà, ẹ má sì lọ dá a padà lọ́wọ́ sí ọwọ́. Àkọsílẹ̀ báǹkì ni yóò fi ẹni tí ó san án hàn. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù yín. Ẹ mú agbẹjọ́rò kan dání lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ gbígbà lé ẹ̀dà tiyín. Ní ti ìbọn, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ó wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni tí wọ́n ní ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ọdún 1986 pàápàá, òfin náà kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má tún dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ará Awo Hall:

Mo gbà pẹ̀lú Lọ́ọ́yà nínú gbogbo rẹ̀ àfi ti ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awólọ́wọ̀ Hall tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wá. Títí di òní, ohun tí mo máa ń rò ni ẹni tí ó ń fi yàrá han apààyàn, bí ó ti ń rí oorun sùn.

Ìwé ẹ̀sùn lè gba ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n òru kan péré tó fún àwọn yẹn. Bí Bàbá bá fi ọjọ́ mẹ́rin rí ọmọ náà, ẹlòmíràn náà lè rí i. Ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí. Kì í ṣe Bàbá ni yóò lọ o, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ń ṣọ́ Bàbá. Ẹni tí ó ń já sìmẹ́ǹtì fún wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n rán sí ọ̀gá búlọ́ọ̀kù.

Agbẹjọ́rò Lágéré:

Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ohun tí mo ń sá fún ni kí wọ́n má tọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n débẹ̀. Bí ẹlòmíràn yóò bá jẹ́ iṣẹ́ náà, kí ó lọ kíá, kí ó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Òṣómàáló:

Olùwádìí, mo bínú sí yín díẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ sì jẹ́ kí àjòjì fi gbèsè tàn yín. Aṣọ ni bàbá mi àgbà ń tà láwìn káàkiri abúlé. Ní ọjọ́ tí owó bá pé, yóò lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè ní ojúmọmọ, kí ìyàwó, kí àna, kí aládùúgbò lè rí i: “Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi!” Ibẹ̀ ni orúkọ wa ti wá. Olówó ń fẹ́ kí ayé gbọ́. Ẹni tí ó bá ń béèrè aago tí iná ń kú, kì í ṣe owó ni ó ń wá.

Ìwé àdéhùn ọkọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ọkọ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ ti béèrè wọn kí ẹ tó gba àwòrán.

Olùwádìí Ìsọ̀kùn:

Mo gba ìbáwí, Màmá. N kò béèrè ìwé kankan. Owó tí ó tètè wọlé ni ó fọ́ mi lójú.

Ẹni tí mo rán ti padà dé. Ó ní kí òun tó parí ọ̀rọ̀, ọmọ náà ti gbé báàgì rẹ̀. Ó jọ pé ó ti dì í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, kò gba ojú títì. Èmi àti agbẹjọ́rò kan yóò lọ sí Òṣogbo láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti kó ìyàwó mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oníbàárà mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti òwúrọ̀. N kò gbé e, n kò sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.