Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí ní Òkè-Àgbẹ̀dẹ

Adarí Eré (Kábà)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Sátidé tó kọjá ni Òkè-Àgbẹ̀dẹ, ìlú inú eré wa, ṣófo pátápátá. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe eré náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, láti ọjọ́ tí àgùnbánirọ̀ kan ti jáde ní ibùdó wọn ní Àsáyà tòun ti dáìsì olójú ogún nínú àpò kákí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá wa jókòó sọ tirẹ̀. Ẹ má sọ ìtàn eré fún mi, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ fúnra rẹ ni mò ń bi ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára làdí ẹ̀ fún àwọn tí ò sí níbẹ̀. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pe eré náà. Ọdún 1974 ló jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ níbí, ló jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló gbé àbúrò rẹ̀ wá fún wa. Kò nílò pátákó bíi ti lúdò. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, òun ni adarí. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Bó bá já sí 20, ọ̀nà là. Bó bá já sí 1, ẹ káwọ́ lérí.

Òkè-Àgbẹ̀dẹ jẹ́ ìlú aràrá nínú ikùn òkè. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, mi ò jí i níbì kankan, àfi tí ẹ bá ní mo jí i lára àwọn àpáta tó yí wa ká. Nígbà tó dáa, ogójì ìléru ló ń jó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ló kù. Ó ní aládùúgbò mẹ́ta, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn rẹ̀: Ìdí-Odò tó ń gba owó ibodè lórí omi; Pápá-Ẹṣin, àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó wọn lẹ́rú láyé àtijọ́; àti Òkè-Ẹwìrì, aràrá bíi tiwọn, ọmọ ìyá tó bínú kúrò nílé nítorí oyè, tó sì kó ìdajì àwọn alágbẹ̀dẹ lọ.

Mo ti ṣètò ogun sílẹ̀ o. Odindi ojú ìwé 11 ni mo kọ lórí bí Pápá-Ẹṣin ṣe máa wó ẹnubodè. Títí eré fi parí, a ò lo ìlà kan nínú rẹ̀.

Ohun tí mi ò kà sí ni ọjọ́ orí. Nínú ìlànà eré náà, aràrá lè gbé tó 350 ọdún. Ọba tiwa ti pé 312. Ojú rẹ̀ ló fi rí ìjà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti gbàgbé. Ikọ̀ wọn wá, ó wólẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n dá májẹ̀mú, ọba ní: "Bàbá rẹ jí màlúù mi." Ikọ̀ ní bàbá òun ò ní màlúù rí láyé òun. Ẹni tí ọba ń wí ti kú láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn! A rẹ́rìn-ín títí iná fi lọ. Aràrá inú eré ń ríran nínú òkùnkùn, àwa ń táràrà wá tọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ìsánlú)

Èmi ni Ìdàrọ́, olórí ìléru kejì. Ẹni tó bá ti roko ní àdúgbò wa, tí ọkọ́ rẹ̀ kan òkúta dúdú tó wúwo, tó ní ihò bíi búrẹ́dì, ó mọ ibi tí mo ti mú orúkọ. Ìdàrọ́ ni ohun tí irin fi sílẹ̀ nígbà tí àwọn baba wa ń yọ́ ọ. Irin òyìnbó dé, ó pọ̀, kò wọ́n, ìléru kú. Ìdàrọ́ wà nínú ilẹ̀ títí dòní.

Àwọn èèyàn rò pé òkúta ló máa ń tán. Igbó ló máa ń kọ́kọ́ tán. Èédú ni ìléru ń jẹ, igi ni èédú, odindi igbó lè wọ inú irin kí ọkọ́ tó kún apẹ̀rẹ̀. Mo sọ èyí fún Adarí lọ́sẹ̀ kejì, ló bá gé gbogbo igbó tó wà lórí Òkè-Àgbẹ̀dẹ lójú mi. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìmọ̀ òkúta ni mo kà ní yunifásítì. Irin wà lórí òkè Àgbájà lọ́nà Lọ́kọ́já, ó pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀. Fọ́sífọ́rọ̀sì máa ń jẹ́ kí irin le lójú, kó sì ṣẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ bisikíìtì, pàápàá nínú òtútù. Mo fi èyí ṣeré lẹ́nu, Adarí gbé e lọ sílé. Sátidé tó tẹ̀lé e, ihò tí àwọn aràrá ń wà kún fún omi, wọ́n yà sí ibòmíràn, òkúta ibẹ̀ sì rí bíi ti Àgbájà gẹ́lẹ́. Idà àkọ́kọ́ tí mo rọ ṣẹ́ lójú mi. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé orúkọ ìlú ló kù tí a ń tà.

Mo pa á mọ́. Mo ta ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró fún àwọn ará Ìdí-Odò, mo tún fi ọmọ owú búra fún wọn. Ẹ̀wọ̀n já lójú omi. Eré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi kì í ta ọkọ́ tí kò kọ́kọ́ jù lu òkúta kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun.

Baba Àgbẹ̀ 55

Àgbàlagbà ń fi Sátidé ṣe aràrá. Ẹ̀gẹ́ yín ńkọ́?

Adarí Eré (Kábà)

Ó wà lóko, bàbá. Ó ń ta. Ẹ kú àfojúsùn.

Aláṣọ Òfì (Búnú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ló fà mí lọ. Mo ní mi ò mọ dáìsì, wọ́n ní kí n ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bá di oníṣòwò aṣọ, mò ń ti Pápá-Ẹṣin gun òkè lọ, mò ń bọ̀.

Iṣẹ́ aṣọ a máa jẹ́ kí èèyàn mọ àṣírí ìlú. Lọ́dọ̀ wa ní Búnú, aṣọ ipò wà, aṣọ pupa tí a fi ń ṣẹ̀yẹ fún olóyè tó bá kú. Ẹni tó ń hun ún mọ iye àgbà tó lọ lọ́dún. Mo gbé irú òwò yẹn wọ Òkè-Àgbẹ̀dẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ra aṣọ òkú mẹ́fà. Ìgbà kejì, mẹ́sàn-án. Mo kó ọ̀já ìgbọ́mọpọ̀n dání lọ́wọ́ kan, mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní iye rẹ̀.

Mo bá bi Adarí pé ọmọdé mélòó ló wà ní ìlú yìí. Ó ń ṣí ìwé rẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó kọ orúkọ ọba, ó kọ orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ajá. Kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Ó ní òun gbàgbé ni.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ omi tó kún ihò. Èmi kò sọ nǹkan kan mọ́. Ilé tí mo ń gbé, yàrá méje ni, èmi àti redio ló ń gbébẹ̀. Oṣù Kejìlá, mọ́tò kún ojúde. Tó bá ti di oṣù Kìíní, adìẹ nìkan. Tí ẹnì kan bá wálé láàárín ọdún, ó di dandan kí n bi í pé ta ló kú.

Tápà Ọ̀wọ́rọ̀ (Lọ́kọ́já)

Bàbá mi Tápà, ìyá mi Ọ̀wọ́rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ẹlẹ́ṣin, wọ́n bá tì í sí mi: "Ìwọ ni Tápà, gba ẹṣin rẹ." Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn.

Ìyá ìyá mi a máa sọ bí wọ́n ṣe ń sá gun orí òkè tí wọ́n bá ti gbúròó ẹṣin láti Bídà. Ilé bàbá mi, ogun kan náà, ìtàn akọni ni wọ́n fi ń pa. Inú abọ́ méjèèjì ni mo ti jẹun. Mi ò ní sọ pé wọn ò kó ẹrú, wọ́n kó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé a lé Tápà lọ, ẹ rántí ẹni tó lé e. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, kó ọmọ ogun wọn gba Lọ́kọ́já wá sí Kábà. Wọ́n bá àgọ́ àwọn Bídà lófìfo. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, 1 oṣù kìíní 1900, Lugard, aṣojú ìjọba òyìnbó, gbé àsíá tirẹ̀ sókè ní Lọ́kọ́já, orí àwa méjèèjì ló sì gbé e lé. Aràrá tó bá pé 300 ọdún lónìí, ojú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ṣé ó máa lè dárí ji ẹnikẹ́ni?

Èmi ni ikọ̀ tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ màlúù. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ronú lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo fa màlúù kan gun òkè. Mo ní: "Kábíyèsí, màlúù yín rèé, tòun ti èlé 200 ọdún." Mo ju dáìsì. Ó já sí 4. Ọba wò ó, ó ní: "Irú màlúù yẹn kọ́."

Nígbà tí a ń fà á, Ìdí-Odò gbé owó ibodè sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò fi ọ̀kọ̀ gún ẹnikẹ́ni. Irin ò lè jáde, iyọ̀ ò lè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ aràrá ń yọ́ lọ sí Òkè-Ẹwìrì lóru, ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá tí wọ́n fi ń bú wọn láti kékeré. Ojú ìwé 11 Adarí ń wò wọ́n lọ.

Oníbodè (Mopa)

Èmi ni oníbodè Ìdí-Odò tí ẹ ń ṣépè fún. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀, nítorí ẹni méjì péré ló mọ̀.

Káàdì ìpè ni mo wá rà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo lẹ́yìn ilé pé "Pa aràrá yẹn! Aràrá ti bọ́ sínú kòtò!" Mo yọjú. Gbogbo wọn dákẹ́ bí ìgbà tí ọlọ́pàá wọlé. Nítorí aràrá ni mí. Kì í ṣe ti eré.

Ìyá àgbà mi ní ẹni òrìṣà ni mí, ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ mí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Nílé ẹ̀kọ́ wọ́n ní orúkọ mìíràn fún mi. Adarí ń tọrọ àforíjì, ó ń làágùn, ó ní kí n jókòó kí n mú ẹ̀dá tó bá wù mí. Mo mú ẹni tó ga jù nínú gbogbo ìwé náà, òmìrán tó ń gba owó lójú omi. Inú mi dùn, ẹ má parọ́ fún ara yín. Gbogbo owó tí mo fi kún owó ibodè, mo gbádùn rẹ̀ dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n rán òmìrán mi lọ gba gbèsè nínú òkè. Mo bi Adarí pé báwo ni ilẹ̀kùn wọn ṣe ga tó. Ó ní kó máa tẹ̀ba wọlé. Mo bi í pé níbo ni wọ́n so fìtílà mọ́. Ibo ni ọwọ́ ilẹ̀kùn wà? Àkàbà ńkọ́, àga ńkọ́, orí pẹpẹ tí wọ́n ń kó ọjà lé? Kò tíì ronú kan èyíkéyìí. Àwọn yòókù sú, wọ́n lọ ra àkàrà. Àwa méjèèjì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, ó ń kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ mi tó.

Káńtà ṣọ́ọ̀bù yẹn, imú mi ló kàn án. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń na ọwọ́ sókè gba ṣéńjì níbẹ̀.

Nítorí náà Sátidé tó kọjá, tí Adarí ní ìdílé tó kẹ́yìn ti di ẹrù, pé ìlú ti parí, kí a ká ìwé, mo ní kó dúró. Mo ní òmìrán mi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ẹ̀dá tuntun, aràrá, ọmọ 30 ọdún, tí wọ́n bí sí Òkè-Ẹwìrì, tó ń gbọ́ ìròyìn ibẹ̀ láti kékeré. Ó ń bọ̀ wá tan ìléru kan. Kò tíì mọ̀ pé irin ibẹ̀ ń ṣẹ́, kí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ yáa múra sílẹ̀. Màmá, ẹ kó ọ̀já yín bọ̀, mi ò ṣe ìlérí.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa tẹ̀ba wọlé o.

Adarí Eré (Kábà)

Aago mẹ́rin. Káfíńtà ní Jímọ̀ lòun ń bọ̀ wá wo káńtà.