Ohun tí mo ń kà nínú ìwé ètò ìsìnkú

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ní ìlú Èkó. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé kò sí irú ìwé tí a kì í tẹ̀ níbẹ̀: káàdì ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, jọ́tà tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, ìwé ìpolongo ìbò. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù lọ́wọ́ tèmi. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo máa ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀ nínú CorelDraw kó tó di pé a gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Bí ìwé náà kò bá pọ̀, DI la máa ṣe, ìyẹn ni pé a ó tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà. Bó bá pọ̀, a ó ṣe plate, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí, a ó gbé e fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Kord. Nítorí pé èmi ni mò ń tò ó, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ojú mi kì í kàn.

Ẹ̀yin náà ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán olóògbé lójú ìwé àkọ́kọ́, ètò ìsìn, orin, Sáàmù, ìtàn ìgbésí ayé, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìdágbére látọ̀dọ̀ ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ, títí dórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ti àwọn Mùsùlùmí yàtọ̀ díẹ̀, torí wọn kì í fi òkú pamọ́. Àdúrà fídáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń tẹ ìwé fún. Ṣe la máa ń ká bébà náà sí méjì, a ó wá fi píìnì gún un láàárín, nítorí náà iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin: 8, 12, 16, 20. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kún jù, ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó yan ohun tí a ó yọ. Mo wá ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ́ ni wọ́n ń yọ. Ìtàn ìgbésí ayé ni wọ́n ń gé kúrú.

Ìtàn ìgbésí ayé yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n bí i ní ìlú báyìí, ó lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, ó ṣiṣẹ́ níbi báyìí títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé, wọ́n fi í joyè, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Mi ò fojú kéré rẹ̀ rárá. Ìyá tó ti orí igbá ata kọ́lé, ó yẹ kí ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán, n kì í lè ya ẹni náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni kì í jọra. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ irú ẹni tó kú.

Obìnrin kan kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Kò sọ iye ìlú tí bàbá náà wakọ̀ dé. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá á pọn omi sínú korobá, á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní táyà kan láti fọ̀, torí pé ọmọ mẹ́rin ni wọ́n. Nígbà tí àbúrò wọn karùn-ún dé tó sì ti ń rìn, bàbá yọ táyà ẹ́sítírà sílẹ̀ fún un kó má bàa sunkún. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá òun máa ń to àwọn sílẹ̀ níwájú ilé, tí á máa fi abẹ gé èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á sì máa kọrin sí i, nítorí pé tíṣà á yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ti di ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ó ní òun kì í gé èékánná kí orin yẹn má sọ sí òun lọ́kàn. Ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì ju ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: “Bàbá àgbà máa ń bá mi jẹ èèpo búrẹ́dì torí pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀.” Ìyá ọmọ náà fẹ́ kí n fi gírámà tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ó sì gbà. N kò tíì tẹ gbólóhùn tó dára jù ú lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìyá ẹlẹ́kọ kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri: ọ̀kan ní Ìbàdàn, àwọn kan ní London, ọ̀kan ní Houston. Kálukú fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sí èyí tó ti ka ti ẹnì kejì. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, mo rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé: ìwẹ̀ ìdájí. Ìyá náà ní láti gbé ẹ̀kọ dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí náà ẹ̀yìn àkùkọ ló ti máa ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ wọ́n. Omi tutù, àwọn ọmọ á máa ké. Ìyá á wá máa kì wọ́n níkọ̀ọ̀kan, Àjàní, Àkànbí, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, á kì wọ́n títí omi á fi tán lára wọn, tí igbe á sì dáwọ́ dúró. Àkọ́bí kọ ọ́. Àbígbẹ̀yìn kọ ọ́. Èyí tó wà ní Houston ní bí òun bá pe ìyá lórí fóònù, kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ti jẹun, oríkì òun ni yóò kọ́kọ́ kì tán, ì báà jẹ́ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí àkọ́bí wá yẹ iṣẹ́ wò, mo fi ojú ìwé wọ̀nyẹn hàn án lẹ́sẹẹsẹ. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ yọ Dókítà, ẹ yọ Olóyè kúrò níwájú orúkọ wa. Oríkì tí màmá ń kì wá ni kí ẹ kọ síbẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa nínú ṣọ́ọ̀bù, títí kan ọmọdékùnrin tó ń bá wa ká bébà, la ka ìwé yẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa.

Ẹ má rò pé mò ń wí pé owó kò já mọ́ nǹkan o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo mọ iye tí páálí bébà ń lọ báyìí, mo sì mọ owó iléèwé ọmọ mẹ́ta. Bàbá tó fún àwọn ọmọ ní táyà fọ̀, ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ní. Ohun tí mo ń rí nínú àwọn ìwé yìí ni pé kò sí ìkankan nínú àwọn òbí wọ̀nyẹn tó dúró dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ kò fi ọjà sílẹ̀ kó tó fẹ́ràn ọmọ. Inú ìkánjú ọjà gan-an ló ti ń kì wọ́n. Ohun tí àwọn ọmọ sì ń rántí kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àríyá ọjọ́ ìbí tàbí ìrìn àjò ńlá. Ohun tí wọ́n ń ṣe léraléra ni, tó fi di ara ilé. Èyí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ilé tèmi, kí n mọ ohun tí à ń ṣe léraléra níbẹ̀.

Ìjú là ń gbé, wákàtí ló sì wọ́n wa jù. Láyé ìgbà tó jẹ́ dánfó nìkan, láti Yábàá dé Ìjú nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìkẹjà sí Agége kò nílò kí n ṣàlàyé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbádó dé Oyíngbò, kìlómítà 27, ṣe ló dà bíi pé wọ́n dá owó tí mo yá wọn padà fún mi. Mo máa ń wọ̀ ọ́ ní Yábàá, ó di Ìjú. Ìrìn rẹ̀ kò pọ̀ lóòjọ́, ẹni tí tìrọ̀lẹ́ bá já sílẹ̀ ti padà sójú títì nìyẹn, nítorí náà n kì í fi àkókò rẹ̀ ṣeré. Gbogbo àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ pé bí aago bá ti tó, mo ti ń pa kọ̀ǹpútà.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni tiwa. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun ló sì dá a sílẹ̀. Á da ẹ̀wà sínú tíréè, àwọn ọmọ á yí i ká, wọn á máa ṣa òkúta. Lẹ́yìn náà a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó máa bó o, a ó máa da èèpo rẹ̀ nù. Bíbó ẹ̀wà gba sùúrù, kò sì sí ẹni tó lè di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù. Ìgbà yẹn ni màmá máa ń pa àlọ́.

“Ààlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

“Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.”

Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ pa á, àbígbẹ̀yìn mi wo ọ̀kan nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí ojú dúdú ara rẹ̀, ó pariwo pé, “Ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà ni, Màmá!” Ariwo yẹn, ẹni tó ń kọjá lójú títì á ti gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù wọn ń gbìyànjú láti dá tirẹ̀ pa. Èyí àárín ló pa èyí tí màmá fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀: “Ejò gbọọrọ gbé ìyá mi mì ní Ìjú, ó lọ pọ̀ ọ́ sí Yábàá.” Ọkọ̀ ojú irin ni. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni màmá ń pa àlọ́ yẹn fún, á sì nawọ́ sí ọmọ náà pé òun ló ni ín.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ mi á gbé ẹ̀wà àti ata lọ sídìí ẹ̀rọ, èmi á po ògì. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iyọ̀ sí i kí epo tó gbóná. Ó ní àfi kí a kọ́kọ́ pò ó dáadáa, kó fẹ́lẹ́, kó wú. Àwọn ọmọ ló ń gba ọmọrogùn lọ́wọ́ ara wọn. Àkàrà àkọ́kọ́, a máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó lè kárí, ó sì máa ń gbóná débi pé a ó máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Ohun kan tún wà tí mo kọ́ níbi iṣẹ́. Bí àwọn ẹbí bá ń wá àwòrán, ti òde àríyá ló máa ń pọ̀: gèlè, léèsì, gbogbo ènìyàn dúró gbagidi. Mo ti rí ẹbí kan tí wọ́n yẹ gbogbo fóònù wò, tí wọn kò rí ẹyọ kan tí ìyá wọn ti wà nídìí iná, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdí iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ dá lé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo na fóònù sí màmá.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìró ilé? Dúró kí n wé gèlè.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ.”

Ó ṣe ojú bí ẹni pé inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó tún ìró so, ó sì wo fóònù. Èèpo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà tó dára, ó wà ní pálọ̀ wa, àlàáfíà ara ni màmá sì fi ń wò ó. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ni a ó tó máa wá irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà pé kí ni ìyá tirẹ̀ máa ń ṣe. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní bí ìyá òun bá ro ìkọ́kọrẹ́ tán, tí wọ́n bù ú fún gbogbo ilé, èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, tí epo àti edé ti wọ inú rẹ̀, òun nìkan ló máa ń há a fún. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń ka èyí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyàwó ilé ọkọ, ìyá ọlọ́mọ, ìyá àgbà ni màmá mi lónìí, ìdí ìkòkò ló sì kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Nítorí náà, ìkọ́kọrẹ́ la ó rò ní Sátidé tó ń bọ̀. A ti ra ewùrà. Àkọ́bí mi ní òun ni yóò rin ín, màmá sì ti kìlọ̀ fún un pé yóò yún un lọ́wọ́. Àwọn méjì tó kù ti ń jà lórí ẹni tí ìdí ìkòkò máa kàn, màmá ní kò sí ìjà níbẹ̀, òun ló ni ín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa ń ṣe léraléra nílé yín, tó jẹ́ pé bí ó bá yẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, àwọn ọmọ á béèrè? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má ṣe jẹ́ kó kúrú. Gbogbo rẹ̀ ni n ó kà.